John Beecroft, Àlejò Tí Ó Di Gómìnà ní Fernando Po

Àwa tí a ń gbé Enugu ti gbọ́ orúkọ Panya rí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ìlà-oòrùn Nàìjíríà ṣe ń pe erékùṣù Fernando Po, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọkùnrin apá ìhín ti lọ ṣe lébìrà nínú oko kòkó àwọn ará Sípéènì. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé ọba Èkó kan, tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, ti lọ forí pamọ́ sí èbúté erékùṣù náà rí. Ọkùnrin tí ó mú un lọ ni John Beecroft. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí.

A bí Beecroft ní ọdún 1790 nítòsí Whitby, ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti kékeré ni ó ti wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ní 1805, àwọn Faransé mú un ní ojú òkun, wọ́n sì fi í sí àhámọ́ títí di 1814. Ẹlòmíràn tí ó bá jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ rí òkun mọ́, ṣùgbọ́n òun padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1829 ó gúnlẹ̀ sí Fernando Po gẹ́gẹ́ bí alábòójútó iṣẹ́.

Àwọn Bubi ni wọ́n ni erékùṣù yìí. Ní nǹkan bí 1472 ni Fernão do Pó, ọmọ Pọtogí, dé ibẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1778 ọba Pọtogí fi í lé Sípéènì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ibà pa àwọn tí Sípéènì kọ́kọ́ rán wá, àwọn tí ó kù sì kó ẹrù wọn lọ. Ní 1827 ni William Owen, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìlú kan dó sí etí èbúté náà, kí àwọn ọkọ̀ tí ń lé àwọn oníṣòwò ẹrú lè ní ibi ìsinmi. Clarence ni ó pe ìlú náà. Àwọn tí a gbà sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú àti àwọn ará Sàró ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí 1834, Beecroft kò bá wọn lọ. Ó ń ṣòwò epo pupa, ó sì ń fi ọkọ̀ wọ inú àwọn odò wa. Ó mọ odò Kàlàbá, ó mọ Odò Ọya. Odò Ethiope tí ó ṣàn lọ sí Sapele ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ tí ó ń lò. Ní 1841, nígbà tí ibà ń pa àwọn Òyìnbó tí wọ́n gòkè Odò Ọya, ìrìn àjò tí Samuel Ajayi Crowther wà nínú rẹ̀, Beecroft ni ó gbé ọkọ̀ lọ yọ ọkọ̀ Albert, tí ó sì mú un wá sí Clarence.

Ní 1843 Sípéènì rántí ohun ìní rẹ̀. Juan José de Lerena wá, ó ta àsíá Sípéènì, ó sì yí orúkọ ìlú padà sí Santa Isabel. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: Gẹ̀ẹ́sì wo ilé ọba tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Clarence, Sípéènì náà wo ilé Ọbabìnrin Isabel, kò sí ẹni tí ó bi Bubi léèrè. Lerena kò ní ẹni tí yóò fi sílẹ̀, nítorí náà ó fi Beecroft, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ Gómìnà. Ní 1849 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà sọ ọ́ di kọ́nsù, aṣojú wọn ní gbogbo etí òkun láti Dahomey dé Kamẹrúùnù. Bí ọkùnrin kan ṣe ń sin ọ̀gá méjì nìyẹn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Yorùbá. Ní 1845 Kòsọ́kọ́ ti lé Akítóyè kúrò lórí oyè Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1851 Beecroft lọ sí Badagry àti Abẹ́òkúta, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Akítóyè, ó sì mú un lọ sí Fernando Po kí wọ́n má baà pa á. Ní oṣù November ọdún náà, àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó. Àwọn jagunjagun Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Ní December wọ́n tún dé pẹ̀lú agbára tí ó ju ti ìṣáájú lọ, iná jó ìlú, Kòsọ́kọ́ sì sá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú ti parí ní Èkó. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1861, tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè.

Ní 1854 Beecroft tún yọ Ọba Pepple ti Bonny lórí oyè, ó sì gbé e lọ sí Fernando Po. Ní ọdún kan náà, nígbà tí ó ń múra láti ṣíwájú ọkọ̀ Pleiad gòkè Odò Ọya, ikú dé. Ọjọ́ kẹwàá oṣù June ni ó kú ní èbúté náà. Dókítà Baikie ni ó gba ipò rẹ̀. Crowther bá wọn lọ, wọ́n ń lo kuníìnì, ibà kò sì pa ẹnì kankan nínú wọn.

Ní 1858 ni Sípéènì tó fi ọmọ ilẹ̀ wọn ṣe Gómìnà níbẹ̀, ó sì lé àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi. Láti 1897 sí 1916 ni wọ́n fi kọ́ kàtídírà ńlá wọn, èyí tí iná jó ní January 2020. Láti erékùṣù yìí ni Tetteh Quarshie ti mú kòkó lọ sí Gold Coast. Ilẹ̀ náà gba òmìnira ní 1968. Ní 1973 Santa Isabel di Malabo, orúkọ ọba Bubi kan. Títí di òní wọ́n ń sọ èdè Sípéènì níbẹ̀, wọ́n sì tún ń sọ èdè kan tí ó jẹ́ ọmọ ìyá èdè Sàró.

Báwo ni kí a ṣe wọn ọkùnrin yìí? Ó ran òpin òwò ẹrú lọ́wọ́, a kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni ó kọ́ àwọn tí ó tẹ̀ lé e pé àlejò lè yọ ọba kí ó sì fi òmíràn jẹ. Nínú àwọn ará Èkó tí ó wà láàárín wa, baba ńlá àwọn kan wà lẹ́yìn Akítóyè, ti àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tí a jẹ́ àlejò ní Enugu, ẹ jẹ́ kí a kọ́ èyí tí ó dára nínú rẹ̀: ó pẹ́ níbẹ̀, ó mọ omi, ó sì mọ ènìyàn. Kí àlejò mọ onílé dáadáa, ó dára. Kí ó wá máa yan ẹni tí yóò jókòó lórí àga onílé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.