Ken Saro-Wiwa: Ààbò Ìlú, Ààbò Ta?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ti gba Aggrey Road kọjá ní Port Harcourt níbí, ó ti gba ibi tí ọ́fíìsì Ken Saro-Wiwa wà. Ọkùnrin kúkúrú ni, páìpù kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dẹ́rù ba ìjọba ológun.

Bori ní ilẹ̀ Ogoni ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1941. Ó kàwé ní Government College, Umuahia, lẹ́yìn náà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba àpapọ̀ ló bá ṣe; òun ni wọ́n fi ṣe alákòóso Bonny. Ó di kọmíṣọ́nnà ní Rivers, ó ṣòwò, ó sì kọ̀wé. Sozaboy jáde ní 1985. Basi and Company sì pa wá lẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá ìlú?

Ọ̀rọ̀ yí padà ní 1990, nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá MOSOP sílẹ̀. Láti 1958 ni wọ́n ti ń fa epo rọ̀bì ní Ogoni, oko àti odò wọn sì ń bàjẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1993, nǹkan bí 300,000 ènìyàn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́dún náà, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba di òjìji rẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n tún mú un. Wọ́n gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ kí ó má baà dé ìpàdé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Vienna. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n tì í mọ́lé fún oṣù kan. Láyé ìgbà náà, Dikíríì 2 ti ọdún 1984 fún ìjọba lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé nítorí ààbò ìlú láìgbé e lọ sí kóòtù.

Ní oṣù karùn-ún 1994, wọ́n pa ìjòyè Ogoni mẹ́rin ní Giokoo. Ìwà ìkà ni, ó sì yẹ kí a wá àwọn tó ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ológun jókòó nínú rẹ̀, tí kò fàyè sílẹ̀ fún ìpẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ni wọ́n gbé Ken lọ. Gani Fawehinmi àti Femi Falana wà lára àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹjọ́ náà ti wọ́, wọ́n yọwọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1995, wọ́n so òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní ẹ̀wọ̀n Port Harcourt.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2025, ìjọba dárí jì wọ́n. Àwọn ènìyàn ń bèèrè pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n dárí rẹ̀ jì.

Kò sẹ́ni tó ní kí ìlú má ní ààbò. Ṣùgbọ́n ọdún 1994 kan náà ni wọ́n ti MKO Abíọ́lá mọ́lé, òkú rẹ̀ ló jáde ní 1998. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.