ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ LUCA PACIOLI, OLÙKỌ́ ÀWỌN ONÍṢÒWÒ

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Nítorí èyí ni a ṣe gbé ìtàn ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa síwájú ẹ̀yin ọmọ ìlú wa lọ́dún yìí, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀. Oníṣòwò pọ̀ láàrin wa. Iṣẹ́ kò sú wọn, ọjà wọn kò sì kùtà. Síbẹ̀ a ti rí ìsọ̀ tí ó kún fọ́fọ́ lójú ayé ẹni tí ó ni ín, tí ó sì di òfìfo kí a tó ṣe ogójì ọjọ́ òkú rẹ̀, nítorí pé inú orí olóògbé nìkan ni àkọsílẹ̀ gbogbo àwìn tí ó tà wà. Àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní owó dákẹ́. Àwọn tí òun jẹ ní gbèsè kò dákẹ́.

Luca Pacioli ni orúkọ ọkùnrin tí à ń wí. Ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Sansepolcro, ní ilẹ̀ Ítálì, ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1447. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó lọ sí Venice, ìlú etí òkun tí òwò rẹ̀ gbilẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìlú lọ nígbà náà. Ó wọ ilé oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Antonio Rompiasi, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní ìṣirò. Ibẹ̀ ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí bí àwọn oníṣòwò ti ń kọ owó wọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ó wọ ẹgbẹ́ àwọn arákùnrin Franciscan ti Ìjọ Àgùdà, ó sì di olùkọ́ ìṣirò ní Perugia àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ní ọdún 1494, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Venice, nínú èyí tí ó kó ẹ̀kọ́ ìṣirò ìgbà náà jọ. Èdè Látìn ni àwọn ọ̀mọ̀wé sábà fi ń kọ̀wé lọ́jọ́ wọ̀n-ọn-nì, ṣùgbọ́n èdè tí ará ọjà ń sọ ni Pacioli fi kọ tirẹ̀. Orí 36 nínú ìwé náà ni ó yà sọ́tọ̀ fún ìwé owó àwọn oníṣòwò.

A kò gbọdọ̀ fún un ní oyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ítálì ti ń lo ọgbọ́n yìí fún ohun tí ó ju 100 ọdún lọ ṣáájú rẹ̀, Benedetto Cotrugli sì ti kọ nípa rẹ̀ ní 1458. Ṣùgbọ́n Pacioli ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí ó tàn káàkiri.

Kí ni ó kọ́ wọn? Èkíní, kí oníṣòwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó ka gbogbo ohun tí ó ní: owó ọwọ́, ẹrù, aṣọ, ilé àti ilẹ̀, lẹ́yìn náà, owó tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́, àti èyí tí òun jẹ. Èkejì, kí ó ní ìwé mẹ́ta. Ìwé ìrántí ni ti àkọ́kọ́. Gbogbo rírà àti títà, ńlá àti kékeré, ni a ó kọ sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí baálé kò bá sí nílé, kí obìnrin ilé tàbí ọmọ iṣẹ́ tí ó mọ̀wé kọ ọ́. Láti inú rẹ̀ ni a ó ti tò ó létòlétò sínú ìwé ojoojúmọ́, láti ibẹ̀ sínú ìwé ńlá tí olúkúlùkù oníbàárà àti olúkúlùkù ọjà ti ní ojú ewé tirẹ̀.

Nínú ìwé ńlá yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń kọ ohun kan náà. Bí oníṣòwò bá fi 100 dúkátì, èyí tí ó jẹ́ owó Venice nígbà náà, ra ata, a ó kọ 100 sí apá òsì ojú ewé ata, nítorí ata ni ó gbà. A ó sì kọ 100 sí apá ọ̀tún ojú ewé owó, nítorí owó ni ó jáde. Nígbà tí a bá ṣírò gbogbo apá òsì àti gbogbo apá ọ̀tún, iye wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, àṣìṣe ti wọ inú ìwé, a sì gbọ́dọ̀ wá a rí.

Ó tún kọ́ni pé kí ìnáwó ilé ní ojú ewé tirẹ̀, kí a lè mọ ohun tí ẹnu ń jẹ yàtọ̀ sí ohun tí òwò ń jẹ. Ẹ̀kọ́ yìí kan àwa gan-an. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí ó sì ń mú owó jíjẹ, owó ilé ìwé àti owó aṣọ ẹbí nínú àpótí ọjà láìkọ ọ́, ojú owó ni ó ń jẹ, èrè ni ó pè é. Fún àwọn tí ó da òwò pọ̀, Pacioli ní kí wọn máa ṣírò lọ́dọọdún, nítorí ìṣirò lemọ́lemọ́ ni í mú kí ọ̀rẹ́ pẹ́.

Ní 1496, ó lọ sí Milan láti kọ́ni lábẹ́ Ludovico Sforza, olórí ìlú náà. Níbẹ̀ ni òun àti Leonardo da Vinci ti di ọ̀rẹ́, kí ogun àwọn ará Faransé tó lé wọn kúrò ní ìlú náà ní 1499. Leonardo ni ó ya àwọn àwòrán inú ìwé tí Pacioli tẹ̀ ní 1509. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní àbùkù. Nínú ìwé yẹn kan náà ni ó ti tẹ iṣẹ́ Piero della Francesca, ọmọ ìlú rẹ̀ tí ó ti kú, láìdá orúkọ onítọ̀hún. Ẹni tí ó kọ́ ayé láti kọ gbèsè sílẹ̀ kò kọ ti ara rẹ̀. Ó kú ní 1517.

Ẹ̀yin ará wa, kò di ìgbà tí a bá gbọ́ Òyìnbó kí a tó ṣe èyí. Èdè ìyá rẹ̀ ni Pacioli fi kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Kí a fi Yorùbá kọ tiwa. Ìyá tí kò mọ̀wé lè ní ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ náà jókòó tì í ní alaalẹ́ pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, kí ó kọ ohun tí a tà, ohun tí a rà, ẹni tí ó jẹ wá àti ẹni tí a jẹ. Nípa bẹ́ẹ̀, ikú olówó kò ní jẹ́ ikú òwò rẹ̀, ìsọ̀ ìlú wa yóò sì máa ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀síwájú. Àṣẹ.