August Dvorak, ẹni tó tún lẹ́tà orí táípù tò

Ìlú Glencoe, ní ìpínlẹ̀ Minnesota lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí August Dvorak lọ́dún 1894. Yunifásítì Washington tó wà ní Seattle ló ti ń kọ́ni, nígbà tó ṣàkíyèsí pé bí Christopher Sholes ṣe to lẹ́tà sórí táípù ń dá àwọn atẹ̀wé lágara. Òun àti àna rẹ̀, William Dealey, kó fáwẹ̀lì márààrún sí ìlà àárín, lábẹ́ ọwọ́ òsì, kí ìka má baà máa rin ìrìn àjò. Lọ́dún 1936 ni ìjọba fún wọn níwèé pé àwọn ló ni ìhùmọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n irin ni táípù. Ẹni tó bá fẹ́ ètò tuntun yóò ra ẹ̀rọ mìíràn, yóò sì tún ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ta ni yóò náwó yẹn? Ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi lọ́dún 1944 gbè é lẹ́yìn (àwọn alátakò ní ọwọ́ Dvorak fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀), àmọ́ èyí tí ìjọba ṣe lọ́dún 1956 kò rí èrè kankan níbẹ̀. Ó tún to ti àwọn ọlọ́wọ́ kan lọ́tọ̀.

Ọdún 1975 ló kú. Ọdún 1982 ni àjọ tó ń fi òǹtẹ̀ lu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gba ètò rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ètò náà ti wà nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kò ní láti ra bọ́tìnnì tuntun.