Anselme Payen, Ẹni Tó Wo Inú Ọkà àti Igi

Wọ́n ní kí n mú ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí Àjàyí Crowther. Rárá o, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan ni, kùnú ló sì mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ta ni kò mọ kùnú ní Máídúgùrì yìí? Ìyá tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń lọ ọkà tó ti hù, á pò ó mọ́ kókó ọkà tó ti rò. Kó tó di àárọ̀, èyí tó ki á ti ṣàn, á sì ti dùn. Mo dán an wò nílé nígbà ìsinmi. Inú ìkòkò tó ń hó lórí iná ni mo da ọkà tó hù náà sí. Kò ṣàn, kò dùn, odindi kóńgò ọkà ìyá mi ló ṣòfò. Payen ló jẹ́ kí n mọ ibi tí mo ti ṣì í.

Ìlú Paris ni wọ́n ti bí i ní oṣù kìíní ọdún 1795. Bàbá rẹ̀, tó ní ilé iṣẹ́, ló kọ́kọ́ fi sáyẹ́ǹsì hàn án. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25 tó fi ń ṣe ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń ṣe borax. Àwọn ará Holland nìkan ló ń kó borax wá láti Éṣíà nígbà yẹn, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń tà á. Payen fi sódà àti ásíìdì ṣe tiẹ̀, ó sì tà á ní ìdá kan nínú mẹ́ta iye tiwọn. Ọjà bá dà rú mọ́ wọn lọ́wọ́!

Ní 1833, òun àti Persoz rẹ ọkà bálì tó hù sómi, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n wá da ọtí líle sí omi rẹ̀. Nǹkan funfun kan sì sílẹ̀. Ìwọ̀n kan rẹ̀ tó láti sọ ìwọ̀n 2,000 sítáàṣì di omi. Ṣùgbọ́n tó bá hó, agbára rẹ̀ tán. Ẹ ò rí i? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á! Diastase ni wọ́n pè é, ẹ́ńsáìmù àkọ́kọ́ tí a yọ sọ́tọ̀. Ìdí orúkọ rẹ̀ la ṣì fi ń parí orúkọ ẹ́ńsáìmù títí dòní.

Ní 1838 ó kọjú sí igi. Ó fi ásíìdì àti omi sódà fọ̀ ọ́, ó rí i pé nǹkan kan náà ló ń ṣẹ́ kù nínú onírúurú ewéko: cellulose. Òun ni bébà tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Ohun líle tó bò ó nínú igi ló ń mú bébà pọ́n bí ẹrẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi klorín bó o, tí májèlé rẹ̀ ń ṣàn wọ odò. Ní 1986, àwọn ará Finland fi hàn pé ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ xylanase lè kọ́kọ́ tú ìdè náà, kí klorín tí a ó lò má pọ̀ mọ́. Bakitéríà bíi Bacillus lè ṣe xylanase yìí, èèrí àlìkámà tàbí pòpórò ọkà sì tó wọn jẹ.

Pòpórò kẹ̀! Èyí tí ẹran ò bá jẹ ní Borno níbí, iná la fi ń dá. Ìjọba kọ́ ilé iṣẹ́ bébà sí Jẹ́bbà, Ìwópìn àti Oku Iboku, síbẹ̀ òkè òkun la ṣì ń kó bébà ti wá. Nílé wa, ojú ewé tó ṣẹ́ kù nínú ìwé ọdún tó kọjá la máa ń ya, tí a ó rán pọ̀ fún àbúrò mi.

Payen kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kú ní oṣù karùn-ún 1871, nígbà tí ogun gba ìgboro Paris kan. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, màá jẹ́ kí kókó náà tutù díẹ̀ kí n tó da ọkà tó hù sí i. Ìyá mi ti ní kì í ṣe ọkà tòun.