Ògúntọ́lá Sapara

Ògúntọ́lá Sapara (Oṣù Kẹfà 9, 1861 – 1935) jẹ́ oníṣègùn òyìnbó, ọmọ Yorùbá, tí a mọ̀ jù lọ fún bí ó ti gbógun ti àrùn olóde, èyí tí a tún ń pè ní ilẹ̀-gbígbóná tàbí ṣànpọ̀nná, ní agbègbè Èkó àti Èpẹ́. Àbúrò ni ó jẹ́ fún Christopher Sapara Williams, ẹni tí ó kọ́kọ́ di agbẹjọ́rò nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìlú Freetown ní Sàró ni a bí i sí, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni Alexander Johnson Williams. Ọmọ Iléṣà tí a kó lẹ́rú tí a sì dá sílẹ̀ lómìnira ni bàbá rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀. Ní 1876 ni ẹbí náà kó wá sí Èkó. Sapara kàwé ní CMS Grammar School, ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń bá wọn po oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Arábìnrin rẹ̀ kan kú sórí ìkúnlẹ̀, ikú yìí ni ó sì sún un láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti ìgbẹ̀bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di dókítà ní 1895, ìjọba Èkó sì gbà á sí iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1896. Ó pa orúkọ òyìnbó tì, ó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, aṣọ ìbílẹ̀ ni àwọn ará Èkó sì mọ̀ mọ́ ọn lára.

Àrùn olóde ní Èpẹ́

Ní 1897 olóde bẹ́ sílẹ̀ ní Èpẹ́. Etí ọ̀sà ni ìlú náà wà, lójú ọ̀nà omi tí àwọn ọlọ́jà ń tọ̀ láti Ìlàjẹ àti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wá sí Èkó, nítorí náà àrùn tí ó bá dé ibẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó dé ibòmíràn. Kì í ṣe pé kò sí àjẹsára. Láti 1796 ni Edward Jenner ti fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí a bá sín gbẹ́rẹ́ sí apá ènìyàn, tí a fi oje àrùn kan tí ó máa ń mú màlúù sí i, olóde kò ní mú onítọ̀hún. Èyí ni àwọn bàbá wa ń pè ní bupá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sá fún un.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Àrùn ọba ni wọ́n ka olóde sí. Ẹni tí Ṣànpọ̀nná bá pa, ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sunkún, ọpẹ́ ni wọn yóò dá. Ìdí nìyí tí a fi ń ki òrìṣà náà ní Alápadúpẹ́. Àwọn àwòrò ni ó ń sin òkú náà, àwọn náà ni ó sì ń kó ẹrù rẹ̀. Èrè wà níbẹ̀ fún wọn bí àrùn náà kò bá lọ.

Sapara kò jókòó sí Èkó kí ó máa bú wọn. Ó fi ara pamọ́, ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àwòrò náà. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé wọ́n máa ń ha èépá ara aláìsàn, wọn a sì fi kó àrùn náà ran àwọn ẹlòmíràn. Ìròyìn tí ó mú jáde wà lára ohun tí ìjọba tẹ̀ lé nígbà tí ó fi òfin de ìsìn Ṣànpọ̀nná ní 1907. Òfin náà kò pa ìsìn náà run, ìkọ̀kọ̀ ni ó lé e wọ̀.

Kò tọ́, síbẹ̀, kí a ka gbogbo àwòrò sí apànìyàn. Ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ti ń fi oje egbò olóde díẹ̀ sára ẹni tí ara rẹ̀ le, kí àrùn náà lè mú un fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó má sì tún padà wá. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí bupá ni pé olóde gan-an ni: ó lè pa ẹni tí a fi sí lára, onítọ̀hún sì lè kó o ran ará ilé. Oje ti màlúù kò lè di olóde.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó

Ní 1902 ìjọba dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, àwọn òyìnbó nìkan ni wọ́n sì gbà sí i. Sapara wà lẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé oògùn ti Massey Street, tí ó padà di ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ó sọ̀rọ̀ nípa ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn ilé tí èrò há mọ́, ó fẹ́ kí a kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, ó sì ń ṣe ìwádìí ewé àti egbò ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè I.S.O.

Ó fẹ̀yìn tì ní 1928, ó sì kú ní 1935. Ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn náà, ní 1970, ni a rí aláìsàn olóde ìkẹyìn ní Nàìjíríà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé àrùn náà ti tán pátápátá ní ayé.