Olóògbé Henry Carr

Èkó ni a bí Henry Carr sí ní 1863, ọmọ àwọn ará wa tí ó ti Sàró padà wálé. Ó gboyè ìmọ̀ ìṣirò ní 1882. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ ni ó gba ọkàn rẹ̀, ó sì jẹ́ aláyẹ̀wò wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1918 ó di Ajẹ́lẹ̀ Èkó. Nínú ọ̀ràn Ọba Èṣùgbàyí ó gbè lẹ́yìn ìjọba, Herbert Macaulay sì kọ̀wé pé kí ó kúrò lórí oyè. Àwa kò dá Macaulay lẹ́bi pátápátá.

Ìwé ni Carr ń fi owó rẹ̀ rà. Nígbà tí ó kú ní 1945, wọ́n tó 18,000. Ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì di ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Láti Ọ̀yọ́ níhìn-ín, ibẹ̀ kò jìnnà.