Busia: àlejò tó padà di onílé

Báàgì Ghana-Must-Go kún Ọjà Bísí l'Adó-Èkìtì. Ọdún 1983 tí ìjọba Shagari lé àwọn ará Gánà ló fún un lórúkọ. Àmọ́ Gánà ló kọ́kọ́ lé wa, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Kofi Abrefa Busia.

Wenchi ni wọ́n bí i sí ní 1913, ọmọ ilé ọba. Ó kàwé dé Oxford. Ní 1959 ó sá fún Nkrumah, kò padà sílé àfi 1966. Ọdún méje ló fi ṣe àlejò nílẹ̀ onílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní 1969 ó di olórí ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, owó wọn sì há sọ́wọ́ oníbàárà. Ní 1970, òfin míì ya òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. (Gowon náà ṣe irú ẹ̀ ní 1972.)

Ológun gbàjọba lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1972. Oxford ló kú sí ní 1978, nílẹ̀ àjèjì.

Èrò yẹn ò bá a kú. Òfin tí Gánà ṣe ní 2013 ní kí àjèjì tó bá fẹ́ tajà ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kó sì gba ogún ọmọ Gánà síṣẹ́. ECOWAS ní ọmọ Adó lè wọ Accra láìgba físà. Ó wọlé tán, níbo ló ti fẹ́ rí mílíọ̀nù dọ́là tó máa fi ta fóònù?